Ọdún Tí Mo Fi Líìkì Ned Dúró De Wilf

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Èmi Ada Proudlock ló ń sọ̀rọ̀, Edie Tulip ará ilé kejì ló ń kọ ọ́. N kò mọ̀wé. Gbogbo ìlú Hesleyburn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí mò ń fi pamọ́.

Ned ọkọ mi máa ń kọ ìwé nípa líìkì rẹ̀, ewébẹ̀ gígùn tó bá àlùbọ́sà tan, lọ́dọọdún: ọjọ́ tó gbìn ín, ohun tó fi bọ́ ọ, bí òjò ṣe rọ̀ sí. Ó kú ní oṣù kọkànlá tó kọjá. Líìkì rẹ̀ kò kú. Mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ilé gíláàsì, wọn kò tíì nípọn ju ìka ọmọdé lọ. Ogójì ọdún ni líìkì Proudlock ti ń jókòó sórí tábìlì kílọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìdíje oṣù kẹsàn-án. Ti ọdún yìí náà yóò jókòó síbẹ̀.

Edie ti fọwọ́ lé Bíbélì pé òun kò ní sọ ohun tó bá gbọ́ fún Norman àbúrò rẹ̀, tí oko líìkì tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Edie lè gbọ́ ọ̀rọ̀ líìkì mi. Kò gbọdọ̀ fojú kàn án.

Òtútù. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́ kẹfà

Okùn aṣọ ìdáná mi já. Mo já okùn Ned kúrò lára ìṣó nínú ahéré, mo fi dè é. Okùn oníkókó méjì tó fi ń wọn líìkì ni: láti kókó kan dé èkejì ni ínǹṣì mẹ́fà, ibi tí òfin ìdíje ní kí ìdí funfun líìkì gùn mọ. Ó ṣì ń rùn bíi tábà rẹ̀. Ó gbópọn. Kò ní já.

Ọjọ́ kejìlá

Òjò ò jẹ́ ká jáde. Edie ka àwọn ìwé Ned fún mi. Láti ọjọ́ yìí tí mo ti ń nu eruku orí wọn, mo rò pé ìgbẹ́ àgùntàn àti òjò nìkan ló wà níbẹ̀. Òun náà ni lóòótọ́, àfi ìlà tó gbẹ̀yìn ọdún kọ̀ọ̀kan. "Ipò kejì. Wilf kò wá." "Ipò kẹrin. Wilf kò wá." "Ipò kìíní. Wilf kò wá." Ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Edie ń kà á bí ẹni ń ka ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣiṣẹ́ rí.

"Ṣé kí n máa kà á lọ, Ada?"

"Gbé omi tíì kaná."

Ned kò sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo ní kí Wilf ọmọ wa má wá.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo kó líìkì sínú kòtò lónìí. Ìgbẹ́ àgùntàn nísàlẹ̀, eérú èédú lé e, ilẹ̀ dúdú lókè, bí ìwé Ned ṣe wí. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Norman dúró lẹ́yìn ọgbà, ó fa páìpù rẹ̀.

"Ìyáàfin Proudlock, ẹ fi oko yìí sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì lè tẹ̀."

"Ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ tipẹ́, nínà ni kò lè nà mọ́. Lọ wo tìẹ, ìgbín ń jẹ ẹ́."

Ó yíjú padà kíá lọ wò ó. Ìgbín kankan kò jẹ ẹ́.

Ìyá Wilf ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo àdúgbò yìí tẹ́lẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Wilf sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárọ̀ yìí. Mò ń bó ànàmọ́ nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Wilfred Proudlock. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Òun àti ẹnìkan láti iléeṣẹ́ ìjọba ni. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ rọra bí ẹni ń fi òróró pa ara ọmọ. Wilf ní, "Ẹ dákẹ́ ná, ọ̀gá. Ìgbà wo lẹ dúró níwájú ogójì ọmọ gbẹ̀yìn?" Ọkùnrin náà wúkọ́. Wilf ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ kò dúró rí." Lẹ́yìn náà ó sọ èyí tó máa ń sọ níbi gbogbo: ọmọ tó bá jáde nílé-ìwé tí kò mọ̀wé kà, wọ́n jà á lólè ni, kí wọ́n wá olè náà rí.

Bó ṣe ń sọ ọ́ láti kékeré nìyẹn. Ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun nìkan ní òpópónà yìí, ó sì bá olùkọ́ jà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí wọ́n fi ọmọ awakùsà kan ṣe ẹlẹ́yà. Ó di olùkọ́ ní Leeds, ó bá ọ̀gá ilé-ìwé jà. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó pé ogójì ọdún, ó bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jà. Ó fẹ́ ìyàwó, ó dára, wọ́n jà. Wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ ìjọba mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fìbínú jáde.

Nígbà tí rédíò dákẹ́, mo rí i pé gbogbo ànàmọ́ ni mo ti bó, tọ̀la pẹ̀lú.

Ọjọ́ kẹwàá

Edie ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, pé ìwé tí kò bá sọ ọ́ kò pé. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Ó dáa, kọ ọ́.

Wilf sọ lórí rédíò nígbà náà pé ìyá òun kò lè ka orúkọ òun. Ó ní Mísì Coxon, olùkọ́ ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin Hesleyburn, ló fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí i. Ó dárúkọ rẹ̀. Mísì Coxon ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó kú kí òtútù ọdún náà tó parí. Kò sí ilé kan ní Hesleyburn tí kò kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ níwèé.

Mo rán Ned sí Wilf pé kó má fẹsẹ̀ kan ilé yìí títí n ó fi ránṣẹ́ pè é. N kò ránṣẹ́. Ó wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́ta lọ. Ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ ni mo rí.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìrì dídì. Mo fi kóòtù Ned bo líìkì. Kò sí èyí tó kú.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Káàdì dé. Wilf ń fi ọ̀kan ránṣẹ́ lóṣooṣù: àwòrán níwájú, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn àfi àdírẹ́sì mi. Ó mọ̀ pé n kò lè kà á, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì kà á fún mi. Ti oṣù yìí, odò kan ni àti àwọn igi tó tẹrí ba. Ó lé ní àádọ́rùn-ún tó wà lára ògiri ilé ìdáná báyìí. Mo mọ àwọn odò ìhà gúúsù ju ẹni tó ń pẹja níbẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Norman mú ìwé ìròyìn wá sẹ́nu ọ̀nà mi fúnra rẹ̀. Kì í mú nǹkan wá lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ wo ọmọ yín. Yunifásítì rẹ̀ ní kó máa lọ sílé sinmi."

"Kí ló ṣe?"

"Ó sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, nínú gbọ̀ngàn kan, pé ìdajì wọn kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi ajá sílẹ̀ fún."

"Ìdajì nìkan?"

Norman kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó lọ, mo ní kí Edie kà á láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Ìgbà wo ni irun ọmọ mi funfun?

Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mò ń pọn omi.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje

Mo pàṣẹ fún Edie pé kó mú pépà wá.

"Kọ ọ́: Ìdíje jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án. Wá. Má sọ̀rọ̀."

Ó ń wò mí. "Ṣé kò sí 'ọmọ mi ọ̀wọ́n' níbẹ̀ ni?"

"Ṣé ó ti gbàgbé pé ọmọ mi ni òun ni?"

"Ada, ọdún mẹ́jọ!"

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi sí àyè fún àsọdùn. Lẹ̀ ẹ́ pa."

Kó tó lẹ̀ ẹ́, mo fi àmì àgbélébùú mi sísàlẹ̀ dípò orúkọ. Edie rìn lọ sílé ìfìwéránṣẹ́, ó ń fìbínú rìn. Nígbà tó yí kọ́nà, mo lọ pọn omi líìkì.

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Káàdì dé. Òkè kan, àwọn àgùntàn lórí rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Líìkì mẹ́rin ti nípọn ju apá mi lọ. Mo ti fi ègé páìpù omi bo ìdí wọn kí oòrùn má dé ibẹ̀, kí funfun wọn lè gùn. Mo tú okùn Ned kúrò níbàdí mi láti wọ̀n wọ́n. Ó ku bí ìwọ̀n èékánná kan.

Edie ní, "Mo ní tépù nílé. Ṣé kí n bá ọ wọ̀n ọ́n?"

"Kí o lè lọ sọ fún Norman bó ṣe nípọn tó?"

"Mo ti búra!"

"O búra nípa etí. O kò búra nípa ojú."

Mo tún okùn dè mọ́ aṣọ ìdáná, mo fà á le.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Edie kò wá kọ̀wé fún ọjọ́ mẹ́wàá, láti ọjọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún un. Ó ti padà. Ó jókòó, kò bọ́ fìlà. Ó ní òun fẹ́ kọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Kọ ọ́ nígbà náà.

Mísì Coxon kò fi mí sílẹ̀. Èmi ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa ń wa èédú, wákàtí wọn kò dọ́gba, omi ìwẹ̀ kì í kúrò lórí iná. Bí mo bá lọ sílé-ìwé, ta ni yóò kaná? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mísì Coxon wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ọmọge ni nígbà náà, bàtà rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Ó bẹ ìyá mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó mú síléètì wá pé kí n máa fi kọ́ ara mi nílé. Mo sá sábẹ́ tábìlì. Mo fi síléètì náà bo ìkòkò.

Nígbà tí Wilf wà lọ́mọ ọdún méje, ó gbé ìwé lé mi lẹ́sẹ̀. "Màmá, ẹ kà á fún mi." Ojú tì mí níwájú ọmọ mi. Mo ní, "Mísì Coxon kò kọ́ mi. Ó ní orí mi le." Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Ọmọ náà wò mí, ó wo ìwé, ó sì pa á dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan kan gbiná. Iná náà ló ń jó láti ìgbà náà, ní Leeds, ní yunifásítì, nínú rédíò. Èmi ni mo ṣáná sí i, tí mo sì lé e jáde pé ó ń jó.

Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè é nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un kí n tó bá Ned lọ.

Edie ti fi kálàmù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti gbé e. Mísì Coxon ló kọ́ ọ níwèé. Ó ní, "Kì í ṣe Wilf nìkan lo purọ́ fún. Bí o kò bá sọ ọ́ níta bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, n kò ní jókòó tì ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́."

Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Mo hú àwọn líìkì. Méjì tó dọ́gba jù lọ ni mo yàn. Mo fi wàrà fọ gbòǹgbò wọn bí Ned ti máa ń ṣe, irun gbòǹgbò ọ̀kọ̀ọ̀kan na tààrà bí irun ìyàwó. Okùn sọ pé wọ́n pé géérégé. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ilẹ̀ kó lè so èso ọdún tó ń bọ̀.

Wilf kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀rọ̀ àná nìyí.

Kílọ́ọ̀bù kún. Èéfín páìpù, ọtí, líìkì lórí aṣọ dúdú. Wọ́n lé wa jáde kí adájọ́ lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ará Sunderland ni, kò mọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn, Wilf wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù, ó mú fìlà lọ́wọ́. Mo ní, "O ti dé." Ó mi orí. Ó di apá mi mú, a wọlé. Àwọn ènìyàn ń yà fún wa bí ẹni yà fún pósí.

Pupa ni káàdì ipò kìíní, búlúù ni ti ipò kejì. Pupa wà lórí ti Norman. Ti èmi, funfun ni, wọ́n kọ nǹkan sí i. Mo rò pé ẹ̀bùn tuntun ni.

"Kí ni wọ́n kọ?"

Wilf tẹjú mọ́ káàdì náà.

"Mo ní kí ni wọ́n kọ?"

"Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀, Màmá."

"Mo ti fún ọ láyè. Sọ ọ́."

Ó tẹ̀ sí etí mi. "Wọ́n ní kò bá òfin mu. Ó fi ìdajì ínǹṣì gùn jù."

"Irọ́ ni. Mo wọ̀n ọ́n."

Ohùn mi lọ sókè. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí wa. Norman gbé ife rẹ̀ sókè láti ìdí líìkì rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ta la máa mú sẹ́wọ̀n lórí èyí? Ṣé Mísì Coxon náà ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mo wo àgbọ̀n Wilf. Àgbọ̀n Ned ni. Mo rí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu rẹ̀, mo mọ irú rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Rárá," ló wí. "Adájọ́ wọ̀n ọ́n dáadáa."

Ẹni tó bá ọ̀gá ìjọba jà lórí rédíò! Ó dúró níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó kọjú sí ògiri. Mo wá Edie lójú. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tíì, ó ń wò mí, ó pa ẹnu pọ̀.

Mo ní, "Ẹ gbọ́ mi. Mísì Coxon kò jẹ̀bi rárá. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Ó wá sílé wa lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá sábẹ́ tábìlì. Ọmọ mi gbà mí gbọ́ nítorí pé èmi ni ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹnìkan lẹ́bi, èmi rèé, n kò lọ síbì kan."

Ẹnìkan gbé ife sílẹ̀. Wilf jẹ́ kí apá mi lọ. Ó jáde síta.

Mo gbé líìkì mi. Wọ́n wúwo. Norman ló wá gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, kò bèèrè.

"Ó nípọn ju tèmi lọ," ló wí nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Wilf, kí lẹ fi bọ́ ọ?"

"Bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ti búra."

Ọjọ́ kẹrìnlá náà, nírọ̀lẹ́

Edie jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Wilf sùn nílé. Ọ̀dọ̀ Mísì Coxon ló kọ́kọ́ lọ lánàá kó tó wálé. Mo rí ẹrẹ̀ ibojì lára bàtà rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo fi líìkì méjèèjì àti ìyẹ̀fun se púdìn. Ó jẹ ẹ́, kò gbójú sókè.

"Ìwé méje ni mo ti kọ, Màmá," ló wí níkẹyìn. "Méjèèje ló bẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ yín níbí yìí."

"Ṣé irọ́ ló wà nínú wọn?"

Ó ronú. "Rárá. Irọ́ kọ́."

"Jẹun nígbà náà."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé okùn wá. Mo tú u kúrò níbàdí. Ó fi rúlà bàbá rẹ̀ wọ̀n ọ́n láti kókó dé kókó: ínǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀.

"Kí lẹ fi okùn yìí ṣe?"

"Mo fi de aṣọ ìdáná."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù kẹrin."

Ó na okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó sì wo ibi tí mo ti ń fà á le lójoojúmọ́. Ó nawọ́ sí kókó láti tú u. Mo gbá a lọ́wọ́. Ned ló so ó.

Ó bá ọkọ̀ aago mẹ́ta lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́nu kọ́nà, ó yíjú padà, ó ṣí fìlà. Mo wọlé, mo sì gbé àwo méjì fọ̀. Àwo méjì kò pẹ́ fọ̀.

Edie, kọ ọ́ bí Ned ì bá ti kọ ọ́: Kò gba ipò kankan. Wilf wá.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Káàdì dé. Kò sí odò, kò sí òkè. Pépà líle funfun ni, wọ́n sì fi íǹkì fa ìlà kan ṣoṣo sí i, àmì kan níbẹ̀rẹ̀, àmì kan níparí. Edie yí i padà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

"Kí ló túmọ̀ sí?" ni Edie wí.

Mo tú okùn kúrò níbàdí mi, mo tẹ́ ẹ lórí ìlà náà. Kókó kìíní bọ́ sórí àmì kìíní. Kókó kejì fi ìdajì ínǹṣì kọjá àmì kejì.

Ó gbà mí tó ìdajì wákàtí kí n tó rí kókó Ned tú, èékánná mi sì ya. Mo so òmíràn sórí àmì náà fúnra mi. Mo gbé okùn kọ́ sórí ìṣó nínú ahéré. Edie ra okùn aṣọ ìdáná tuntun fún mi, kò rùn bíi nǹkan kan.

Líìkì tó kù nínú ilẹ̀ wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínláàádọ́ta ló kù sí ìdíje tó ń bọ̀. Kíkà ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n.